Láti Lafẹ́nwá dé Àjàṣẹ́: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Oníṣẹ́ Irin Kọ́ndẹ̀m

Ọjọ́ Àìkú, Abẹ́òkúta sí Àjàṣẹ́

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti di ẹrù sínú pikọ́ọ̀pù, a forí lé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ẹrù náà, ère tí mo fi irin kọ́ndẹ̀m, ìyẹn àlòkù irin, ṣe, kò pọ̀ ṣùgbọ́n ó wúwo: àkùkọ tí mo fi jíà ọ̀kadà ṣe ìyẹ́ rẹ̀, ọdẹ tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ sàlẹ́ńsà mọ́tò, ìyá tó pọnmọ, tí mo fi sípíríìngì tírélà tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, àti àwọn ẹyẹ kéékèèké tí mo fi pílọ́ọ̀gì àti bẹ́árìn ṣe. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, gbogbo wọn ni mo tò sílẹ̀ ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Lafẹ́nwá kí wọ́n tó kúrò nílùú. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: ẹni tí mo gba irin lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ohun tí irin náà dà. Bọ̀ọ̀dá tó ta jíà fún mi rìn yí àkùkọ náà ká, ó fọwọ́ kan ìrù rẹ̀, ó ní, "Jíà Bajaj nìyí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tú u." Ó pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ jáde pé kí wọ́n wá wò ó.

A gba Ìlaròó kọjá sí Ìdí-Ìrókò. Nígbà tí wọ́n ti ibodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ojú ọ̀nà yìí dá. Ọdún 2022 ni wọ́n tó tún ṣí Ìdí-Ìrókò. Lónìí, ọjà ti padà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn aṣọ́bodè ní kí a ṣí tapólì. Ọ̀kan nínú wọn wo ọdẹ onísàlẹ́ńsà náà títí, ó bi mí pé ẹ̀rọ kí ni. Mo ní ère ni, mo sì fi ibi tí apá, ẹsẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ ti wá hàn án. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá wò ó. Ìwé ẹrù wa pé, a kọjá.

A wọ Ìgòló, èdè kò yí padà. Yorùbá náà ni wọ́n fi ń nájà, owó nìkan ló di sẹ́fà. Láti ibẹ̀ lọ, kẹ́ẹ̀gì epo ló kún ojú ọ̀nà. Bẹntiróòlù tó ń ti Nàìjíríà wọlé, tí wọ́n ń pè ní kpayo, ni wọ́n ń dì sórí ọ̀kadà, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì, débi pé láti ẹ̀yìn ẹ ò ní rí ẹni tó ń gun ún. Wọ́n á fi ooru iná fẹ kẹ́ẹ̀gì náà lójú kó lè gba epo ju iye tí wọ́n ṣe é fún lọ. Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1962, ló rí ojú ènìyàn lára kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí: ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu, ìdìmú rẹ̀ di imú. Ó to irú ojú bẹ́ẹ̀ 304 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń to ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi láyé ìjọ́sí. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ra iṣẹ́ náà ní 2007, ọdún tó pé igba ọdún tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí òwò ẹrú dópin. Ike ni Hazoumè ń lò, irin ni tèmi, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn aráàlú ti lò gbó làwa méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, Goukomè

Àdúgbò àwọn alágbẹ̀dẹ ni Goukomè, Gu ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún, òun ni Ògún tiwa. Láti ìdílé alágbẹ̀dẹ ọba Àjàṣẹ́ ni Théodore àti Calixte Dakpogan ti wá. Inú iṣẹ́ agbẹ̀dẹ ni wọ́n dàgbà sí, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àlòkù mọ́tò jọ ní nǹkan bí ọdún 1990. Fún àjọ̀dún Ouidah 92, tí wọ́n padà ṣe ní oṣù kejì ọdún 1993, àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní kí àwọn Dakpogan fi àlòkù irin ṣe ère àwọn vodun, ìyẹn òrìṣà ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ṣe ère tó tó bí ọgọ́rùn-ún. Láti ìgbà náà ni orúkọ wọn ti dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Jean Pigozzi, olówó tó ń kó iṣẹ́ ọnà Áfíríkà jọ, ra púpọ̀ nínú iṣẹ́ Calixte. Mo ti ń wo àwòrán iṣẹ́ wọn láti ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń jórin, ìdí tí mo fi fẹ́ kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí nìyẹn kí n tó já ẹrù kalẹ̀.

Bàbá alágbẹ̀dẹ tó gbà wá lálejò jókòó lẹ́bàá owú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ògún á gbè yín o."

"Àṣẹ. Ìwọ obìnrin yìí lo ń jórin? Na ọwọ́ rẹ kí n rí i."

Mo na ọwọ́. Ó wo àwọn àpá iná tó wà níbẹ̀, ó mi orí. "Ó dáa. Jókòó."

Ó ní kí n bá òun fẹ́ ẹwìrì. Sípíríìngì mọ́tò ló fi sínú iná. Ó fi ẹ̀mú dì í mú nígbà tó pọ́n bí ojú oòrùn àṣálẹ́, ó lù ú, ó dá a padà sínú iná, ó tún lù ú. Kó tó di ọ̀sán, ọkọ́ ti jáde nínú rẹ̀. Èyí ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ní iṣẹ́ àlòkù irin jẹ́ àṣà tuntun tó ti òkè òkun wá. Ó pẹ́ tí alágbẹ̀dẹ wa ti ń sọ irin tó kú di ààyè. Àdá tí bàbá àgbà yín fi ṣán oko, ẹ bi í léèrè ohun tí irin náà jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Mo fi àwòrán iṣẹ́ àwọn Dakpogan han Bàbá lórí fóònù. Ó mọ ìdílé náà dáadáa. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀kan, ó wá béèrè pé, "Èyí ńkọ́, níbo ló wà báyìí? Ṣé a lè lọ wò ó ní ọ̀la?"

Mo ní ó wà lọ́wọ́ àwọn tó rà á, ní òkè òkun. Kò sọ nǹkan kan sí i. Ó da fóònù padà fún mi, ó sì tún gbé irin sínú iná. Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dára kí oníṣẹ́ ọwọ́ tà, kó jẹun, kó kọ́lé. Mi ò ní bú ẹni tó tà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó ku ohun kan nílé tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìpàtẹ

Àgbàlá ilé kan la pàtẹ sí, kò jìnnà sí mọ́sáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́. Bí ẹ bá rí ojú rẹ̀, ẹ ó rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ni: àwọn tó ti Brazil padà wálé ló mú ọnà ìkọ́lé náà wá.

Mi ò ta okùn yí iṣẹ́ ká. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án kó fọwọ́ kàn án. Àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan ló kọ́kọ́ wọlé, nítorí wọ́n rí àkùkọ náà láti ojú títì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ara rẹ̀: ṣéènì nìyí, ìdìmú bíréèkì nìyí, ti Haojue ni, rárá, ti Bajaj ni. Awuyewuye náà pẹ́ díẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi ju ọ̀rọ̀ ìyìn lọ. Ní ibi ìpàtẹ ńlá, àwọn ènìyàn máa ń béèrè ohun tí iṣẹ́ náà "túmọ̀ sí". Níbí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọ́n sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Lọ́sàn-án, àwọn ìyá tó ń ti ọjà Ouando bọ̀ yà wọlé. Ọ̀kan gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó rìn yí ìyá tó pọnmọ náà ká.

"Àǹtí, ìyá yìí ò wé gèlè. Ṣé inú ilé ló wà ni?"

"Ẹ má bínú, Mà. Kí ni kí n fi wé e?"

"Páànù ńkọ́? Páànù rọ̀, ó ṣe é ká."

Àwọn yòókù gbà fún un. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ ọ̀la.

Ọjọ́rú, ọgbà àwọn wẹ́dà

Nítorí ọjọ́ yìí gan-an ni mo ṣe wá. Àwọn ọmọṣẹ́ wẹ́dà àti páńẹ́lì-bítà láti ṣọ́ọ̀bù mélòó kan péjọ sí ọgbà ọ̀gá kan. Gíláàsì oòrùn ọjà lásán ni púpọ̀ nínú wọn fi ń wo iná ìjórin. A kò jórin rárá títí tí gíláàsì wẹ́dà tó dúdú dáadáa tí mo kó wá fi kárí wọn. Ìmọ́lẹ̀ ìjórin ń sun ojú láìjẹ́ kí ènìyàn mọ̀. Òru ni ìrora rẹ̀ máa ń dé, bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí ẹyinjú. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí mo mọ̀ kò ríran dáadáa mọ́ ní ọjọ́ ogbó, iṣẹ́ ló gba ojú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, irin. Rọ́ọ̀dù 6013 tí gbogbo wẹ́dà ń lò dára fún irin rírọ̀. Sípíríìngì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí ẹ bá jó o ní tútù, ojú ibi tí ẹ jó yóò sán nígbà tó bá ń tutù, nígbà mìíràn ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú un gbóná, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ nínú eérú tàbí iyanrìn gbígbẹ. Irin dídà, irú èyí tó wà lára ẹ́ńjìnì àtijọ́, rọ́ọ̀dù oníníkẹ́lì ló ń fẹ́, ó sì wọ́n. Èmi kì í jó o mọ́ ara, bóòtù ni mo fi ń dè é.

Lórí páànù gèlè yẹn, mo dá wọn dúró. Síńkì ni wọ́n fi bo páànù. Bí iná bá kàn án, èéfín funfun ló ń yọ, ẹni tó bá fa èéfín náà símú yóò gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Gbogbo wọn ló mọ ibà náà, wọ́n ti ń mu oògùn ibà sí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A fi gíráíńdà ha síńkì náà kúrò létí ibi tí a fẹ́ jó, a bo imú, a jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wa, a sì fi òòlù onírọ́bà ká gèlè. Ìyá náà wé gèlè lónìí, ó yẹ ẹ́.

Èyí tó gba àkókò wa jù ni táńkì. Ní ìlú tí kpayo pọ̀ tó báyìí, táńkì ọ̀kadà àti dúrọ́ọ̀mù irin wà káàkiri, ó sì ń wu ènìyàn láti gé. Mo bẹ̀ wọ́n, mi ò sì tijú: ẹ má fi iná kan ohunkóhun tí epo bẹntiróòlù ti wà nínú rẹ̀, kódà bó bá dàbí pé ó ti gbẹ. Oru epo tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ ló ń bú gbàù, kì í ṣe epo tí ẹ lè rí. Ọ̀gá tó ni ọgbà náà, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, dìde, ó fi èdè Ẹ̀gùn sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ le ju tèmi lọ. Ẹnì kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó ti pàdánù ọmọṣẹ́ kan lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a óò ṣe ńkọ́? Ọ̀kan fẹ́ kìnnìún, èkejì fẹ́ Gu fúnra rẹ̀, àmọ́ àwọn àgbà ọgbà ní Gu kì í ṣe ohun tí à ń fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n padà fẹnu kò sí zémidjan: ọlọ́kadà lórí ọ̀kadà rẹ̀, tó gbé ìyá olọ́jà sẹ́yìn. Ìkarahun kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fíríìjì la fi ṣe orí, lẹ́yìn tí a ti da òróró inú rẹ̀ nù. Dísìkì bíréèkì di táyà. Títí ilẹ̀ fi ṣú, férémù nìkan la parí. Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa bá a lọ láìsí mi.

Ọjọ́bọ̀, Ouidah

A gba Kútọnu kọjá. Ère obìnrin ológun Dàhómì tí wọ́n ṣí ní 2022 ga tó mítà 30, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà ló gbẹ́ ẹ, ojú kò sì lè fò ó dá. Ó wù mí kí ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Àjàṣẹ́ àti Abomey wà nínú rẹ̀.

Ní Ouidah, mo lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Fondation Zinsou tó wà nínú ilé Ajavon láti 2013. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, àwọn ọmọ iléèwé sì wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń ya ohun tí wọ́n rí. Mo ṣe àdúrà fún ẹni tó pinnu pé kí wọ́n má gbowó ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí mo fi ìyókù ọjọ́ wò ni ìpẹtà. Afẹ́fẹ́ òkun yìí kún fún iyọ̀, kò sì ń fi irin sílẹ̀. Irin tí yóò gbé ogójì ọdún ní Abẹ́òkúta, bóyá ni yóò gbé tó ìdajì rẹ̀ níbí bí kò bá sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ère irin sí ìta ní etí òkun gbọ́dọ̀ ṣètò ẹni tí yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, tí yóò sì máa fi epo tàbí fáníìṣì pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má gbé e síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, Abomey

Ọ̀nà jìn, ilẹ̀ pupa lọ títí. Ààfin àwọn ọba Dàhómì ti wà nínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ti àjọ UNESCO láti 1985. Ohun tí mo wá wò ni asen, ọ̀pá irin tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ fún òkú ìdílé: lórí rẹ̀ ni àwo pẹrẹsẹ wà, lórí àwo náà ni ènìyàn, ẹranko àti igi kéékèèké wà tó ń sọ ìtàn ẹni tó lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀pá Ọ̀sanyìn wa, tí ẹyẹ dúró yí ká orí rẹ̀, yóò mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n. Mo jókòó síwájú ọ̀kan fún ìgbà pípẹ́, mo ń yà á. Alágbẹ̀dẹ tó ṣe é kò jó ohunkóhun pọ̀. Rífẹ́ẹ̀tì ló fi kan gbogbo rẹ̀, kò sì mì.

Ìlú yìí kan náà ni ère Gu tó lókìkí jù ti wá. Akati Ekplékendo ló ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1858, láyé ọba Glèlè. Ó ga bí ènìyàn, ó ń rìn, fìlà orí rẹ̀ kún fún irin-iṣẹ́ kéékèèké. Irin tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó wá, tí a tún lò, ni wọ́n ní ó fi ṣe é. Nítorí náà, ère irin tí ayé yìn jù lọ ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ kọ́ndẹ̀m ni. Ọ̀gágun Faransé kan, Eugène Fonssagrives, ló fi ta mùsíọ́ọ̀mù Paris lọ́rẹ ní 1894, lẹ́yìn ogun tí wọ́n fi lé Béhanzin, ọba Dàhómì, kúrò lórí ìtẹ́. Mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Paris ló wà láti ọdún 2000.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ẹrù ààfin Abomey 26 padà, àwọn asen wà lára wọn. Wọ́n pàtẹ wọn ní ààfin Ààrẹ ní Kútọnu ní 2022, pẹ̀lú iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní, èrò sì wọ́ lọ wò wọ́n. Gu kò sí lára wọn. Patrice Talon, tó jẹ́ Ààrẹ Benin nígbà náà, sọ ọ́ lójú àwọn ará Paris pé inú òun kò lè dùn tán nígbà tí Gu ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn. Alágbẹ̀dẹ tó ń ṣe asen ní ìlú yìí gbọ́dọ̀ gba físà, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, kó tó lè rí iṣẹ́ tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ nídìí owú ṣe. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ògún Ládìn wà nínú ààfin Ọọ̀ni, òkìtì irin tí a rọ ni, ó sì wà ní ìlú tirẹ̀. Ní ìlú kan náà lónìí ni Dọ̀tun Pópóọlá ti ń fi irin kọ́ndẹ̀m ṣe àwọn ẹranko ńláńlá. Ọmọ tó bá dàgbà ní Ifẹ̀ lè rí ti àtijọ́, kó sì rí ti òde òní. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ Abomey àti ọmọ Àjàṣẹ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àjàṣẹ́

Nígbà tí a padà dé, ọlọ́kadà náà ti ní apá, ó ti ní fìlà, ìyá ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ru igbá. Wọ́n jó gbogbo rẹ̀ láìsí mi. Ibì kan wà lẹ́sẹ̀ tí wọ́n jó ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi gíráíńdà tún un ṣe, ó parí.

Ní àárọ̀, àwọn ọmọdé àdúgbò wá sí àgbàlá pẹ̀lú àwọn òbí wọn. Mo ní kí oníkálùkù mú irin kan tó ti kú nílé wọn wá. Ṣíbí tó tẹ̀ wá, àgádágodo wá, òkú fáànù wá, ilẹ̀kùn ààrò wá. Wọn kò fọwọ́ kan iná. Wáyà àti puláyà ni wọ́n fi so tiwọn pọ̀. Ọmọbìnrin kan so ṣíbí mọ́ abẹ́ fáànù, ó ní ẹja ni. Mo bi í pé ẹja wo. "Ẹja odò wa ni, Àǹtí. Òun ni ìyá mi ń yan tà." Ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní orí tábìlì òun ni yóò wà lọ́jà.

Lọ́sàn-án, a gbé ọlọ́kadà náà lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà àwọn wẹ́dà, a gbẹ́ ihò, a da kọ́ńkéré sí i lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan láti Kútọnu ti pe fóònù láti rà á. Àwọn ọmọṣẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, mi ò dá sí i. Wọ́n ní àwọn yóò ṣe òmíràn fún un, èyí kò kúrò níbí. Bàbá alágbẹ̀dẹ fi ọ̀pá rìn wá láti Goukomè. Ó fi ìka kan ojú ibi tí a jó, níbì kan sí ibòmíràn, ó sọ fún ọ̀gá ọgbà pé kó wá gba sípíríìngì lọ́wọ́ òun fún èyí tó kàn.

A ti ṣètò ohun tó kù. Ọmọṣẹ́ tó kéré jù ní òun ni yóò máa fi epo pa á lóṣooṣù, ọ̀gá yóò sì máa ra epo náà. Lẹ́yìn òjò, mẹ́ta nínú wọn yóò wá sí Lafẹ́nwá. Àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ ti ní àwọn yóò pèsè ibùsùn, èmi yóò pèsè rọ́ọ̀dù àti iná. Ìwé ìrìnnà wọn ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí.